Ayò Inú Tẹlifíṣọ̀n

San Jose, California
Ọjọ́ kẹfà oṣù Fẹ́búárì, 1983

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta náà ti di oṣù mẹ́jọ. Ẹ dákun, ẹ má bá mi kà á. Ara mi le. Mo gbàdúrà pé orúnkún yín ti fúyẹ́, àti pé Alhaji Sàídì ará ilé kejì kò tíì gba ipò ọ̀ta mọ́ yín lọ́wọ́ nídìí ayò.

Títílọpẹ́ kọ̀wé sí mi láti Bódìjà. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe àbúrò mi, kò fi epo bọ iyọ̀. Ó ní nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ń ṣe ọpẹ́ ní ìjọ, ẹ máa ń dìde sọ pé ọmọ yín ọkùnrin ń ṣe kọ̀ǹpútà fún àwọn báńkì Amẹ́ríkà. Bàbá, kì í ṣe báńkì. Eré ni à ń ṣe. Eré tí àwọn ènìyàn ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n nínú pálọ̀ wọn ni ilé iṣẹ́ wa ń ṣe. Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti wà níbẹ̀. Mi ò sọ fún yín nítorí mo mọ ojú tí ẹ máa ń fi wo eré.

Ọdún 1976 tí mo dé ibí ni mo kọ́kọ́ rí irú rẹ̀, nílé ọ̀rẹ́ mi kan. Àpótí kékeré ni, ó ní bọ́tìnnì roboto méjì tí wọ́n ń fọwọ́ yí. Lójú tẹlifíṣọ̀n, igi funfun méjì dúró lápá ọ̀tún àti òsì, àmì funfun kan ń lọ ó ń bọ̀ láàárín wọn. Wọ́n ní tẹníìsì ni. Eré kan ṣoṣo yẹn ni àpótí náà mọ̀. Tó bá sú ènìyàn, àfi kó ra àpótí mìíràn. Lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n ronú kan àpótí tó ń gba kásẹ́ẹ̀tì, tí ènìyàn á yọ eré kan kúrò, á ki òmíràn bọ̀ ọ́. Láti ìgbà yẹn ni iṣẹ́ náà ti di iṣẹ́ gidi. Kò sí àdúgbò tí mo dé ní ìlú yìí tí mi ò bá a nílé ẹnì kan.

Ọ̀gá mi ní kí oníkálukú mú eré tuntun wá. Mo ní a ní ọ̀kan nílé tó ti wà kí iná mànàmáná tó dé. Mo ṣàlàyé ayò fún un dé ibi tí mo lè ṣàlàyé é dé, ó ní ó wu òun. Ìgbà tí mo padà sídìí tábìlì mi ni mo wá rí i pé mi ò mọ̀ ọ́n ta. Ẹ rántí pé nígbàkúùgbà tí mo bá dúró nídìí ọpọ́n yín, ìdí ìwé ni ẹ máa ń lé mi lọ.

Ẹ bá mi kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni ń kọ ọ́ fún ẹni tí kò rí ọpọ́n rí. Kò sóhun tí kọ̀ǹpútà mọ̀ ju ohun tí a bá sọ fún un lọ. Ẹ má sì fi àṣàyàn ọ̀rọ̀ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́: gbogbo àyè inú kásẹ́ẹ̀tì kan kò tó ojú ewé ìwé ìròyìn kan ṣoṣo nínú irú èyí tí ẹ máa ń tò nílé ìtẹ̀wé.

Ìyáàfin Láwùmí tó ń bọ̀ wálé fún Àjíǹde á gbé àpótí eré kan wá fún yín. Iná Amẹ́ríkà kéré sí tilé, ẹ má so àpótí náà mọ́ iná ògiri láìsí tiràǹsífọ́mà.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa.

Èmi ni ọmọ yín,
Gbádégẹṣin


Ring Road, Ìbàdàn
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Épírì, 1983

Gbádégẹṣin,

Mo rí lẹ́tà rẹ, mo sì rí àpótí. Orúnkún wà bó ṣe wà. Alhaji Sàídì kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi, kò sì ní gbà á.

N kò ní dìde nínú ìjọ lọ tún ọ̀rọ̀ báńkì sọ. Àwọn tó gbọ́ ọ ti gbàgbé, àwọn tí kò gbàgbé á rò pé o ti kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí o bá tún ní ohun tí o fẹ́ sọ fún mi, má dúró di ìgbà tí o bá ń wá nǹkan lọ́wọ́ mi. Ọdún méje ni o ti lọ. Ìyá rẹ sùn ní ọdún 1980, fọ́tò ìsìnkú la fi ránṣẹ́ sí ọ. Èmi kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mọ́. Àwa tó kù nílé kò pọ̀.

Ṣàmsúdéènì tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Agbowó wá bá wa so àpótí rẹ. Ó lo ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ kìíní àwòrán ń sá lọ sókè, ọjọ́ kejì NEPA mú iná lọ, ọjọ́ kẹta ó dúró, àmọ́ kò ní àwọ̀, dúdú àti funfun ni. Ó ní bí tẹlifíṣọ̀n tiwa ṣe ń gba àwòrán yàtọ̀ sí tiwọn. Èmi àti Alhaji gbá tẹníìsì náà fún wákàtí kan. N kò rí ọgbọ́n nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo na án.

Èyí tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì kejì ni kò yé mi, èyí tí wọ́n ń yìnbọn sí kòkòrò tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Mo bi Ṣàmsúdéènì bí ènìyàn ṣe ń borí. Ó ní wọn kì í borí. Bí ènìyàn bá pa wọ́n tán, àwọn mìíràn á tún yọ, wọ́n á máa yára sí i títí wọ́n á fi pa onítọ̀hún. Ẹ jókòó sí Amẹ́ríkà, ẹ ṣe eré tí kò ní ọ̀ta, tó jẹ́ pé ọ̀pẹ ni gbogbo ẹni tó bá ta á. Ó ṣe mí ní kàyéfì pé wọ́n ń rí i tà.

Òfin ayò nìyí. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi to lẹ́tà òjé ní ilé ìtẹ̀wé, n kò fo lẹ́tà kan rí, nítorí náà kà á bí mo ṣe kọ ọ́.

Ọpọ́n ní ojúlé méjìlá, mẹ́fà lápá tìrẹ, mẹ́fà lápá ẹni tí ẹ jọ ń ta. Ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin ló ń wà nínú ojúlé kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ méjìdínláàádọ́ta. Tó bá kàn ọ́, kó gbogbo ọmọ inú ojúlé kan lápá tìrẹ, kí o máa fi wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, kí o sì gba apá ẹnìkejì yí ọpọ́n po. Bí èyí tó gbẹ̀yìn bá bọ́ sí ojúlé ẹnìkejì, tó sì sọ ohun tó wà níbẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, o jẹ ẹ́. Bí èyí tó ṣáájú rẹ̀ lápá ibẹ̀ bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta pẹ̀lú, o jẹ òun náà. Bí ọmọ inú ojúlé kan bá pọ̀ débi tó fi yí ọpọ́n po, fo ojúlé tí o ti kó wọn. Ẹni tó bá jẹ ju mẹ́rìnlélógún lọ ni ọ̀ta. Ẹnìkejì ni ọ̀pẹ, ó sì gbọ́dọ̀ gba yẹ̀yẹ́ láìbínú. Èyí náà jẹ́ òfin, kí kọ̀ǹpútà rẹ mọ̀ ọ́n.

Alhaji ní kí n bi ọ́ pé, nígbà tí ẹ bá ṣe é tán, ṣé orúkọ rẹ á wà lára páálí rẹ̀? Èmi ní tèmi ń bi ọ́ pé ìgbà wo ni o ń bọ̀.

Èmi bàbá rẹ,
Adégbìtẹ́


San Jose
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Méè, 1983

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo yí òfin yín sí Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀gá mi, ó ní òun kò rí kí ẹnikẹ́ni kọ òfin eré kó mọ́ tó báyìí rí. Ó bi mí bóyá lọ́yà ni yín. Mo ní ẹ ju lọ́yà lọ.

Kọ̀ǹpútà ti ń ta ayò, Bàbá. Ní àkọ́kọ́ mo ya ọmọ ayò bí àmì kéékèèké sínú ojúlé, ṣùgbọ́n agbára ẹ̀rọ náà kò gbé méjìdínláàádọ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ńṣe ni wọ́n ń ṣẹ́jú. Ni mo bá pa wọ́n rẹ́, mo fi nọ́ńbà sí ojúlé kọ̀ọ̀kan. Kò lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́, ó sì ti na ọ̀gá mi lẹ́ẹ̀méjì.

Ẹ sọ fún Alhaji pé orúkọ mi kò ní sí lára páálí. Orúkọ ilé iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń kọ. Bó ṣe ń lọ ní ọ̀pọ̀ ibi nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn, ẹni tó ra eré kì í mọ ẹni tó ṣe é.

Ọ̀ràn kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sádùúrà. Tí eré yìí bá jáde fún Kérésìmesì, ọ̀gá mi ní ilé iṣẹ́ á kọ̀wé fún mi sí ìjọba, wọ́n á sì fún mi ní ìwé tí màá fi lè gbé ibí títí. Tí mi ò bá rí ìwé náà, èyí tó wà lọ́wọ́ mi á parí ní Épírì ọdún tó ń bọ̀. Gbogbo ohun tí mo ti ń lé láti ọdún méje, orí ayò yìí ló wà báyìí. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin lẹ máa wá kí mi. Màá fi ọkọ̀ gbé yín dé etí òkun.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé èrò ti pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Gbogbo ènìyàn ló ń ṣe eré. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oúnjẹ ajá pàápàá ti gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ní ẹni tí eré tirẹ̀ bá yàtọ̀ kò ní nǹkan kan láti bẹ̀rù.

Èmi ni ọmọ yín,
Gbádégẹṣin


Ring Road, Ìbàdàn
Ọjọ́ kejì oṣù Júláì, 1983

Gbádégẹṣin,

Lẹ́tà rẹ dé. O kọ ọ́ pé wàá lè gbé ibẹ̀ títí. Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni "títí", ṣùgbọ́n mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Mo sọ ọ̀rọ̀ orúkọ fún Alhaji. Ó ní iṣẹ́ tí wọn kì í dárúkọ ẹni tó ṣe é, àfi olè. Mo bá a wí. Àmọ́ ní ilé ìtẹ̀wé wa, bí ìwé ti wù kó kéré tó, orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ojú ewé ìkẹyìn. Òfin ìjọba ni. Bi ọ̀gá rẹ bóyá wọn kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀.

Ìdìbò ń bọ̀ níbí. Wọ́n ti fi àwòrán olóṣèlú bo ògiri wa láti iwájú dé ẹ̀yìn, mo ya ti iwájú kúrò, wọ́n tún lẹ òmíràn. Iná kì í dúró, àpótí rẹ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ayò gidi kò nílò NEPA, òun là ń ta.

Mo gbọ́ ohun tí o wí nípa àdúrà. Mo ń gbàdúrà. N kò ní sọ fún ọ ohun tí mo ń tọrọ. N kò bá ọ jà. Ọkùnrin ni ọ́, o mọ ibi tó tẹ́ ọ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n tí o bá ní kí n wá wo etí òkun, mo ti rí òkun ní Èkó, omi kan náà ni.

Èmi bàbá rẹ,
Adégbìtẹ́


San Jose
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, 1983

Bàbá mi,

Ẹ kú ewu ìdìbò. A gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àwọn ibì kan, mo sì dúpẹ́ pé Títílọpẹ́ sọ pé wàhálà kò dé Ring Road.

Mo ní ìbéèrè kan, ẹ jọ̀ọ́, kò gba ìdúró. Nínú ayò tí kọ̀ǹpútà ń ta, ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé apá ẹnì kan á gbẹ pátápátá. Kò ní sí ọmọ kan ṣoṣo nínú ojúlé rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, òun ló sì kàn láti ta. Kò rí nǹkan kan ta. Ẹ̀rọ náà kò mọ ohun tó yẹ kó ṣe, á kàn dúró gbagidi bẹ́ẹ̀, àfi ká pa iná. Mo ka òfin yín láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ ò kọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ṣé ẹni tí apá rẹ̀ gbẹ ti pàdánù nìyẹn? Àbí ẹnìkejì á tún ta lẹ́ẹ̀kan sí i? Kí ni à ń ṣe?

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Òkìtóbà ni wọ́n fún mi. Tí ìdáhùn kò bá dé kí ọjọ́ náà tó pé, eré náà kò ní jáde, ẹ sì mọ ohun tó so mọ́ ọn. Ẹ má ṣe wàhálà lọ fóònù sí ilé iṣẹ́ láti Dùgbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà, kí ẹ kọ ọ́ kó gùn dáadáa, pẹ̀lú àpẹẹrẹ.

Èmi ni ọmọ yín,
Gbádégẹṣin


San Jose
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Òkìtóbà, 1983

Bàbá mi,

Mi ò tíì rí lẹ́tà yín. Ó ṣeé ṣe kó ti sọnù lọ́nà. Mo ti bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún òmíràn kọ.

Gbádégẹṣin


San Jose
Ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Nòfẹ́ńbà, 1983

Bàbá mi,

Mo kọ̀wé sí Títílọpẹ́ láti bèèrè bóyá ara yín ò yá. Ó ní ara yín le, pé nídìí ayò lòun bá yín ní ọjọ́ Sátidé, ẹ ń rẹ́rìn-ín Alhaji Sàídì. Nítorí náà kì í ṣe àìsàn, kì í sì ṣe pé ẹ gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ta á.

Tí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ sọ ọ́. Tó bá jẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ "títí" ni, ẹ sọ ọ́. Ẹ ti máa ń bá mi wí láti kékeré, mi ò kú. Àìsọ̀rọ̀ yìí ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbà á.

Gbádégẹṣin


Ring Road, Ìbàdàn
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Jánúárì, 1984

Gbádégẹṣin, ọmọ mi,

O kú ọdún tuntun. Àwọn sójà gba ìjọba lọ́jọ́ tí ọdún tó kọjá ń parí. Rédíò ń kọ orin wọn, ọjà ṣì ń ná, kò sí ohun tó ṣe wá.

Èsì ìbéèrè rẹ nìyí. Bí apá ẹnìkejì bá gbẹ, ìwọ tí o ní ọmọ gbọ́dọ̀ ta èyí tó máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kó lè rí nǹkan ta. Ọ̀ranyàn ni. Bí o bá ní ọ̀nà mẹ́ta láti ta, tí ọ̀kan ṣoṣo ló lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọ̀kan náà ni wàá ta, kódà bó bá máa mú ọ pàdánù. Àfi tí kò bá sí èyí tó lè dé ibẹ̀ rárá ni eré parí, tí o sì kó ohun tó kù lápá rẹ. N kò kọ ọ́ sínú òfin nítorí n kò mọ̀ pé òfin ni. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi rí. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń kọ́ni ní ọ̀nà àtijẹun, tó wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí onítọ̀hún la ẹnu.

Àṣìṣe ti àkọ́kọ́ nìyẹn, àṣìṣe ni lóòótọ́. Èyí tó kàn kì í ṣe àṣìṣe.

Lẹ́tà rẹ ti Sẹ̀tẹ́ńbà kò sọnù. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù náà ló dé. Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo kọ ohun tí o kà tán lókè yìí, ojú ewé mẹ́rin ni, mo ya ọpọ́n sí i pẹ̀lú àpẹẹrẹ mẹ́fà. Ó wà nínú àpò ìwé yìí, wò ó, ọjọ́ tí mo kọ ọ́ wà lórí rẹ̀. Mo gbé e lọ sí Dùgbẹ̀. Mo ra sítáǹpù, mo lẹ̀ ẹ́. Mo dúró nídìí àpótí lẹ́tà, mo wá rò ó pé bí ìwé yìí bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, èmi fúnra mi ni mo fọwọ́ mi kọ ọ́ pé kí ọmọ mi má wálé mọ́. Bí kò bá dé, iṣẹ́ á bọ́, ìwé á parí, wàá sì wálé ní Épírì. Ni mo bá gbé e padà sílé.

Mo tún gbé e lọ nígbà tí lẹ́tà rẹ kejì dé. Mo tún gbé e padà. Alhaji bi mí pé ṣé mo ti fèsì, mo ní mo ti fèsì. Láti ogójì ọdún tí a ti ń bá ara wa bọ̀, n kò purọ́ fún un rí, àfi nípa iye ọmọ tó wà lọ́wọ́ mi nídìí ayò.

Èyí tí o kọ ní Nòfẹ́ńbà ló mú mi. O bèèrè bóyá o ṣẹ̀ mí. O kò ṣẹ̀ mí. Mo ti ba iṣẹ́ rẹ jẹ́, mo sì jókòó síbí, mò ń rẹ́rìn-ín. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀rọ̀ náà ṣòro fún bàbá láti kọ sí ọmọ, àmọ́ mo ti kọ ọ́, n kò sì ní pa á rẹ́.

Èmi bàbá rẹ,
Adégbìtẹ́


San Jose
Ọjọ́ kejìlá oṣù Fẹ́búárì, 1984

Bàbá mi,

Mo rí lẹ́tà méjèèjì. Ẹ jókòó kí ẹ tó ka ìyókù.

Ẹ ò ba iṣẹ́ kankan jẹ́. Kò sí iṣẹ́ tí ẹ lè bà jẹ́. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ni wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ wa pa, ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó kọ lẹ́tà ti Sẹ̀tẹ́ńbà sí yín. Kì í ṣe àwa nìkan. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì tí gbogbo ayé sáré ṣe kún ṣọ́ọ̀bù débi tí kò sẹ́ni tó fẹ́ wọn mọ́. Wọ́n kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni ń ta ìbọ̀sẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń kọjá lára rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ nípa ọjà ní eré inú tẹlifíṣọ̀n ti kú, pé ìgbà rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ọ̀gá mi ta àwọn tábìlì. Ayò wa wà lára ohun tí wọ́n kó sínú ọkọ̀. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló wà, mi ò mọ ibi tó wọlẹ̀ sí. Láti ìgbà yẹn, súpámákẹ́ẹ̀tì ni mo wà, mò ń di ọjà sínú àpò fún àwọn oníbàárà.

Nítorí náà kò sí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Òkìtóbà. Èmi ni mo dá a sílẹ̀. Mo sì ní kí ẹ má fóònù ilé iṣẹ́ nítorí kò ní sí ẹni tó máa gbé e. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ náà máa ń dúró nígbà tí apá kan bá gbẹ, àmọ́ kò sí ẹni tó tún ń dúró de ìdáhùn rẹ̀.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mo fi béèrè. Lẹ́tà yín ni mo fẹ́. Tí mo bá bi yín nípa ara yín, gbólóhùn mẹ́ta lẹ máa kọ: orúnkún wà bó ṣe wà, ó tán. Tí mo bá bi yín nípa ayò, ojú ewé mẹ́rin ni, pẹ̀lú àwòrán. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi, mi ò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, mo sì rò pé tí mo bá rí ojú ewé mẹ́rin láti ọwọ́ yín, ara á tù mí. Mo fi ọjọ́ sí i kí ẹ lè tètè kọ ọ́. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń ṣí àpótí lẹ́tà lójoojúmọ́.

Èmi náà purọ́ fún yín, mi ò lẹ́nu láti bínú. Àmọ́ ó dùn mí, Bàbá. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó dùn mí gan-an. Mo ti dárí jì yín kí n tó ka lẹ́tà náà tán, ìyẹn ò ní kó má dùn mí.

Ìwé mi á parí ní oṣù Épírì. Màá dé Èkó ní ọjọ́ kẹwàá oṣù náà. Kì í ṣe bí mo ṣe fẹ́ padà wálé nìyí. Mi ò kó nǹkan kan bọ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Gbádégẹṣin


Ring Road, Ìbàdàn
Ọjọ́ kẹta oṣù Máàṣì, 1984

Gbádégẹṣin,

Mo ka lẹ́tà rẹ, mo sì fún Alhaji Sàídì kà, torí mo ti jẹ́wọ́ irọ́ mi fún un. Ó kà á tán, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jọra yín jù." Ó bá dìde, ó lọ kírun.

Má jẹ́ kí wọ́n gbé ọ dé Ìwó Road. Challenge ni kí o sọ̀, ibẹ̀ ló súnmọ́ ilé. Ibùdókọ̀ ibẹ̀ ti yí padà láti ìgbà tí o ti lọ, má bá ọmọkọ́mọ fa báàgì, wọn kò mọ̀ ọ́. Màá wà níbẹ̀ láti aago méje àárọ̀. Bí o bá dé lálẹ́, màá ṣì wà níbẹ̀. Títílọpẹ́ ní òun á bá mi wá, mo ní kó dúró sílé kó se oúnjẹ.

O ní o kò kó nǹkan kan bọ̀. N kò ní kí o kó nǹkan kan bọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù, mo ti ń wá bí n kò ṣe ní kọ ọ́ láti àárọ̀. Iṣẹ́ tí o fi ọdún mẹ́jọ lé ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ, o dá wà lókè òkun, o ń retí ìwé mi, n kò fi ránṣẹ́. Ó yẹ kí ìyẹn bà mí nínú jẹ́. Ó sì bà mí nínú jẹ́, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà mo wo kàlẹ́ńdà, mo ka ọjọ́ tó kù, mo tún un kà.

Inú mi dùn, ọmọ mi. Kò yẹ kó dùn. Má bínú.

Bàbá rẹ